Ìdí tí wọn kì í fi í ta oúnjẹ àárọ̀ mọ́ tí aago mọ́kànlá bá ti lù

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ Sátidé. Ìyá kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé oúnjẹ ìgbàlódé kan l'Ógbómọ̀ṣọ́, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní fásífúùdù. Ó wọlé, ó ní kí wọ́n bu ògì fóun, kí wọ́n fi àkàrà mẹ́fà tì í. Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà ní, "Ẹ má bínú mà, oúnjẹ àárọ̀ ti parí." Ìyá na ọrùn wo ẹ̀yìn ọmọ náà, ó rí ògì nínú wọ́mà tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ gbóná, ó ṣì ń rú èéfín. "Kí wá nìyẹn?" Ọmọ ò rí èsì fọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé tí aago mọ́kànlá bá ti lù, kó má tà á mọ́.

Irú nǹkan báyìí ló ń jẹ́ káwọn èèyàn máa sọ pé ìgbéraga ló ń dà wọ́n láàmú, tàbí pé wọ́n kàn ń ṣe bí òyìnbó ni. Ìlú tiwa sì kọ́ ni wọ́n ti ń wo aago kí wọ́n tó jẹun. Wọ́n ń ki Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Ẹni tó lè gbé ọkà mì láago méje àárọ̀, kí ni yóò ní kó má mu ògì láago méjìlá ọ̀sán?

Ẹnu oníbàárà ò yan àkókò. Ibi ìdáná ni kò lè gba méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti dúró lẹ́yìn káńtà rí láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá ti mọ ohun tí à ń wí.

Irin kan, ooru méjì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà, torí àṣà gbèdéke yìí gbajúmọ̀ níbẹ̀ gan-an. Bọ́gà, ìyẹn ẹran lílọ̀ láàárín búrẹ́dì, ni ilé oúnjẹ McDonald's ń tà jù tẹ́lẹ̀, kò sí oúnjẹ àárọ̀ níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni Herb Peterson, tó ń bójú tó ẹ̀ka wọn ní Santa Barbara ní ìpínlẹ̀ California, gbé Egg McMuffin jáde: ẹyin, wàràkàṣì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ láàárín búrẹ́dì róbótó. Tí wọ́n bá fọ́ ẹyin lásán sórí irin ìdín-ǹkan, ńṣe ló ń ṣàn káàkiri, kì í bá búrẹ́dì dọ́gba. Peterson fi òrùka irin yí ẹyin ká kó lè dì sójú kan. Oúnjẹ náà tà wàràwàrà, àmọ́ ilé ìdáná tí wọ́n kọ́ nítorí bọ́gà ló wá bá. Títí dòní, ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka wọn níbẹ̀, aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni oúnjẹ àárọ̀ ń kógbá wọlé.

Wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí irin pẹlẹbẹ yẹn. Funfun ẹyin ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì tí ooru rẹ̀ bá ti tó nǹkan bíi 62°C, pupa inú rẹ̀ ń dì láàárín 65 sí 70°C. Ìyẹn ni pé ẹyin ò fẹ́ wàhálà. Irin tó bá gbóná tó 130 sí 150°C ti tó o. Ẹran bọ́gà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹran lílọ̀ ni, kòkòrò tó wà lójú ẹran tẹ́lẹ̀ sì ti wọ inú rẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n ń lọ̀ ọ́. Àárín rẹ̀ gan-an gbọ́dọ̀ gbóná dé 71°C kó tó ṣeé jẹ láìléwu. Kí ìyẹn tó lè yá, kí ojú ẹran sì tún pọ́n, irin náà ní láti tó 180°C tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fọ́ ẹyin sórí irin ẹran, etí rẹ̀ á jó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á le bí awọ, orí rẹ̀ á sì máa mì lọ́bẹ́lọ́bẹ́ bí ẹni pé ìgbà yẹn ni wọ́n fọ́ ọ. Gbé ẹran sórí irin ẹyin, ńṣe ni yóò máa làágùn. Omi inú rẹ̀ á tú jáde, á rí bí ẹran bíbọ̀. Èyí tó burú jù ni pé yóò pẹ́ kó tó jinná, bẹ́ẹ̀ èrò ti tò dé ẹnu ọ̀nà; ọmọ tó ń dín in á gbé e kúrò kó tó dé 71°C. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn mọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni.

Ẹnì kan á ní, ṣebí kí wọ́n yí iná sílẹ̀, kí wọ́n tún yí i sókè? Irin yẹn nípọn. Gbígbóná rẹ̀ ò yá, títutù rẹ̀ tún pẹ́ jùyẹn lọ. Wọn ò lè máa yí i bí ẹni ń yí rédíò.

Wọ́n kúkú ti dán an wò. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 2015, McDonald's bẹ̀rẹ̀ sí í ta oúnjẹ àárọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà. Kì í tún ṣe gbogbo rẹ̀ o. Àgbègbè tí wọ́n bá ti ń ta McMuffin lọ́sàn-án, wọn ò ní ta oríṣi búrẹ́dì kejì tí wọ́n ń pè ní biscuit níbẹ̀, nítorí àyè ò gbà á. Ó di ọdún tó tẹ̀ lé e kí wọ́n tó pa méjèèjì pọ̀. Àwọn tó ni àwọn ẹ̀ka náà sì ń kùn pé iṣẹ́ ń falẹ̀ nínú ilé ìdáná. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní oṣù kẹta ọdún 2020, oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ gbogbo yìí wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ yọ kúrò kí iṣẹ́ lè fúyẹ́. Àrùn náà rọlẹ̀, wọn ò dá a padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Agbada tiwa ńkọ́?

McDonald's kò sí ní Nàìjíríà. Nígbà tí ilé oúnjẹ Mr Bigg's bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní ọdún 1986, míìtì páì àti irú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ló gbé dé. Nígbà tí àwọn ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wá ń dé ìgboro Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ìrẹsì àti adìyẹ díndín ló ń mú owó wọlé jù. Oúnjẹ àárọ̀ kàn wá dara pọ̀ mọ́ wọn ni: ògì àti àkàrà, iṣu sísè àti ẹyin, dùndú àti ọbẹ̀ ata, búrẹ́dì àti tíì. Lọ́dọ̀ wa, orí irin kọ́ ni ìjà ti ń ṣẹlẹ̀. Inú epo ni.

Mú àkàrà, torí òun gan-an ni oníwàhálà.

Wọ́n á rẹ ẹ̀wà sómi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á bó o, wọ́n á tún rẹ ẹ́ fún wákàtí kan sí méjì kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ. Omi díẹ̀ ni wọ́n ń fi lọ̀ ọ́. Bó bá kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n á pò ó, pípò gidi, títí ọwọ́ á fi ro èèyàn, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá wọ inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí àkàrà wú. Iyọ̀ àti àlùbọ́sà kì í wọ inú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ dín lọ́wọ́ ni wọ́n ń bù sọ́tọ̀ tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí, torí iyọ̀ àti àlùbọ́sà ń fa omi jáde, ẹ̀wà á ṣàn, afẹ́fẹ́ á sì bá omi lọ.

Ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ láago márùn-ún ìdájí, nínú ilé ìdáná tí ooru rẹ̀ tó 35°C, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá fi máa di aago mẹ́wàá, á ti máa hó rúrú lójú, òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Ó ń kan nìyẹn. Ẹ gbé e sínú fíríìjì, kò ní tètè kan, àmọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á rọlẹ̀. Tí wọ́n bá wá dà á tútù bẹ́ẹ̀ sínú epo, ooru epo á já, àkàrà á mu epo yó. Ẹni tó bá ti jẹ àkàrà tí epo ń kán lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọn ò fún dáadáa, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Epo ló kàn. Agbada oníná tí àwọn ilé oúnjẹ wọ̀nyí ń lò ń gba bíi lítà mẹ́wàá sí ogún. Àkàrà fẹ́ kí epo gbóná tó 170 sí 180°C. Tí ẹ bá kán ẹ̀wà díẹ̀ sí i, kó rì díẹ̀ kó sì léfòó lójú ẹsẹ̀. Kò sí wàhálà nínú ìyẹn. Wàhálà wà nínú èérún. Gbogbo àkàrà tó bá bọ́ lọ́wọ́ ló ń fi ìrù tín-ín-rín sílẹ̀ nínú epo. Ìrù yìí á já, á rì sísàlẹ̀, á máa jó níbẹ̀. Tí wọ́n bá fi máa dín ọgọ́rùn-ún méjì àkàrà, ìsàlẹ̀ agbada ti dúdú bí èédú lílọ̀, epo náà á sì ti ṣú.

Agbada yìí kan náà ni adìyẹ ọ̀sán ń retí. Ẹ ju adìyẹ sí epo àkàrà láì sẹ́ ẹ, èérún dúdú á lẹ̀ mọ́ ọn lára, á sì máa rùn bí ẹ̀wà jíjó. Ẹ tún yí i padà, kí ẹ dín àkàrà nínú epo adìyẹ, oníbàárà á bu àkàrà jẹ lẹ́ẹ̀kan, á bojú wò ó, á sì béèrè pé ṣé ẹ ti ń fi ẹran sínú àkàrà ni. Ẹni tí kì í jẹ ẹran ń bẹ láàárín oníbàárà o.

Nítorí náà, láàárín oúnjẹ àárọ̀ àti tọ̀sán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tún agbada ṣe. Yóò pa iná. Yóò dúró kí epo tutù tó èyí tí kò ní bó ẹ lọ́wọ́. Yóò tú u jáde sínú agolo irin, kì í ṣe sínú ike, nítorí ike ò lè gba ooru yẹn. Yóò fi aṣọ asẹ́ sẹ́ ẹ, yóò ha ìsàlẹ̀ agbada, yóò nù ún gbẹ fíofío (ẹ̀kán omi kan tó bá kù níbẹ̀ yóò mú kí epo gbígbóná máa ta síni lójú), yóò da epo padà tàbí kó da tuntun sí i, yóò sì tún tan iná. Ká sọ ọ́ ní wákàtí kan, ìgbà mìíràn á dín díẹ̀. Bí adìyẹ àkọ́kọ́ bá fẹ́ jáde kí aago méjìlá tó lù, iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ sí mọ́kànlá.

Gbèdéke náà nìyẹn. Aago ara ògiri kọ́ ló fi lélẹ̀, agbada ni.

Ṣé wọn ò wá lè ra agbada kejì ni? Wọ́n lè rà á. Yóò gba àyè lábẹ́ fáànù tó ń fa èéfín, yóò jẹ gáàsì tàbí iná mànàmáná, tí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ ni yóò bọ́ ọ. Epo tí wọ́n bá dà sínú rẹ̀ kì í sì í sinmi. Epo tó bá wà lórí iná ń gbó, yálà wọ́n dín nǹkan nínú rẹ̀ tàbí wọn ò dín in: á ṣú, á máa yọ ìfófòó, èéfín rẹ̀ á tètè máa rú. Ká ní ènìyàn mẹ́jọ péré ló fẹ́ àkàrà láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta. Lítà epo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò gbóná fún wákàtí mẹ́ta nítorí ènìyàn mẹ́jọ. Ẹ fi owó epo ṣírò rẹ̀ lọ́nà tó bá wù yín, kò ní pé.

Ògì tó wà nínú wọ́mà

Ká wá padà sọ́dọ̀ ìyá tó rí ògì. Àkàrà ti ní àlàyé. Ògì tó ń rú èéfín ńkọ́?

Wọ́mà ní ihò tí wọ́n ń gbé àwo oúnjẹ sí, omi gbígbóná sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ká ní ihò rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà. Láàárọ̀, ògì, ọbẹ̀ ata, ẹyin, iṣu, dùndú àti mọ́ínmọ́ín ló jókòó sí i. Lọ́sàn-án, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ìrẹsì díndín, ìrẹsì funfun, ọbẹ̀, ẹ̀wà àti dòdò ni. Mẹ́fà gbọ́dọ̀ kúrò kí mẹ́fà tó wọlé. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ìkòkò ńlá ò sì ṣeé sáré sè: ata nìkan lè gba ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú lórí epo kí kíkan rẹ̀ tó lọ, ìrẹsì á tún lò tó wákàtí kan. Ìgbà tí ẹ bá ń mu ògì yín láago mẹ́sàn-án, oúnjẹ ọ̀sán ti gba ìdajì ojú iná lẹ́yìn ilé. Bó bá wá jinná, ibo ni yóò jókòó sí bí ògì ò bá dìde?

Wọ́mà kì í sì í se oúnjẹ. Ooru ló ń tọ́jú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní oúnjẹ tó ti jinná gbọ́dọ̀ gbóná ju 60°C lọ títí ẹ ó fi jẹ ẹ́, kó má sì jókòó lásán níta ju wákàtí méjì lọ. Ògì lè wà lókè 60°C níbẹ̀ láìléwu, ṣùgbọ́n kò lè wà bẹ́ẹ̀ kó má yí padà. Omi inú rẹ̀ ń gbẹ lọ, ó ń ki sí i, awọ ń bò ó lójú. Ẹni tó bá fẹ́ là á á bu omi gbígbóná sí i, á rò ó, kókó á kún inú rẹ̀. Ẹyin díndín tó bá pẹ́ nínú wọ́mà á máa sun omi, á le bíi rọ́bà. Tó bá jẹ́ sísè, àyíká pupa inú rẹ̀ á máa ya àwọ̀ ewé. Dùndú ló tètè ń kú jù nínú gbogbo wọn: ká ní ó ti lo ìṣẹ́jú ogójì, ó ti le koko. Ẹ tún un dín, á mu epo.

Ohun kan tún wà tí oníbàárà kì í rí. Nílé oúnjẹ tó ń fi kọ̀ǹpútà gbowó, wọ́n lè tò ó kó yí ojú padà láago mọ́kànlá: orúkọ ògì, àkàrà àti dùndú á kúrò lójú ẹ̀rọ, ti ìrẹsì á dé. Bí ọmọbìnrin yẹn bá bu ògì fún ìyá, kò sí ibi tí yóò ti tẹ iye rẹ̀. Bó bá gbowó láìtẹ̀ ẹ́, ìṣirò rẹ̀ ò ní dọ́gba lálẹ́, ohun tó bá sì yọ lé owó tàbí tó dín, òun ni wọn yóò bi léèrè. Ìdí nìyẹn tó fi dákẹ́ tí ìyá ń na ìka sí ògì.

Lójú tiwa, ibẹ̀ ni àwọn onílé oúnjẹ ti ń ṣe àṣejù. Àkàrà ò sí, gbogbo wa gbà. Ògì tó ṣẹ́ kù, tó ṣì gbóná, tí ojú rẹ̀ ò tíì bàjẹ́, kí wọ́n fi bọ́tìnnì kan sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí ọmọ lè fi tà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn. Dída ògì nù níṣojú ẹni tí ebi ń pa kò bójú mu.

Ti òṣìṣẹ́ ò gùn. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ń pín iṣẹ́ sí ṣíìfù àárọ̀ àti tọ̀sán. Ẹni tó mọ àkàrà dá sí epo máa ń wọṣẹ́ láti ìdájí, aago mọ́kànlá ló sì ń fọ agbada rẹ̀ tó ń múra ilé. Ẹni tó kù nílé ìdáná lè mọ ìrẹsì sè dọ́ba, kó dá àkàrà kó fọ́n ká bí ìyẹ̀fun.

Mai ṣáì àti ìyá alákàrà

Ẹnikẹ́ni tó bá ti sùn pẹ́ rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ á ti ní ìbéèrè kan lẹ́nu: mai ṣáì tó wà ní Sábó ń ta búrẹ́dì, tíì, Índómì àti ẹyin láàárọ̀, lọ́sàn-án, títí di òru. Kí ló dé tí òun ò ní gbèdéke?

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Kẹ́tù kan ló wà lórí iná, páànù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹyin kankan tó ti dín sílẹ̀ dè yín. Ìgbà tí ẹ bá jókòó ló ń fọ́ ẹyin méjì sínú kọ́ọ̀pù, ó rẹ́ àlùbọ́sà àti ata sí i, ó lù ú, ó dà á sí epo ìwọ̀nba ṣíbí méjì. Ẹ ti jẹ ẹ́ tán kó tó ṣe ti ẹlòmíràn. Epo rẹ̀ ò gbó, oúnjẹ rẹ̀ ò jókòó, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kankan ò sì lé e kúrò lórí iná torí kò ta ìrẹsì. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín ni sùúrù: bí ènìyàn márùn-ún bá ṣáájú yín lórí bẹ́ǹṣì, ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹfà. Fásífúùdù ṣe ìlérí pé ẹ ò ní dúró. Kí ìlérí yẹn tó lè ṣẹ, oúnjẹ gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó dé, oúnjẹ tó bá sì ti wà nílẹ̀ kí ènìyàn tó dé ní láti mọ ìgbà tí èrò rẹ̀ ń wá. Ibi tí ìyára ti wá gan-an ni gbèdéke ti wá.

Ìyá alákàrà ẹ̀bá ọ̀nà náà ní gbèdéke tirẹ̀, a kàn kì í bá a jà ni. Ó ń dáná láàárọ̀ kùtù, ó máa ń tà tán kí aago mẹ́wàá tó lù, ó sì ń kó igbá rẹ̀ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn kan lára wọn á tún padà wá pẹ̀lú ẹ̀wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, wọ́n á tà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ kíyè sí i pé wọn kì í gbé ẹ̀wà àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Lílọ̀ méjì ni, òòrùn ọ̀sán sì wà láàárín wọn. Nílé oúnjẹ ìgbàlódé, ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ni agbada kún fún adìyẹ jù, ìdí nìyẹn tí àkàrà ìrọ̀lẹ́ fi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Kí ẹ má baà pàdánù ògì yín

Aago tó burú jù láti wọ ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni mẹ́wàá ààbọ̀ sí mọ́kànlá ààbọ̀. Oúnjẹ àárọ̀ tó bá ṣẹ́ kù nígbà yẹn ló ti jókòó pẹ́ jù, tọ̀sán ò sì tíì délẹ̀ tán. Ọmọ yunifásítì LAUTECH tó sùn di aago mẹ́wàá ní àdúgbò Under G, tó wá ń sáré kó lè bá àkàrà, ìsàlẹ̀ abọ́ ni yóò bá. Kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù ni kí ẹ dé. Bó bá ti di aago mọ́kànlá, ẹ má béèrè ohun tí wọ́n fi agbada ṣe; ẹ béèrè mọ́ínmọ́ín, ẹyin sísè, búrẹ́dì àti tíì. Mọ́ínmọ́ín ò bá ẹnikẹ́ni du epo tàbí irin. Ooru omi ló sè é jinná dénú, ewé tàbí agolo sì dé e mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ sókè 60°C, á wà fún wákàtí mélòó kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ létí.

Tí wọ́n bá sọ pé "ó ti tán" láago mẹ́jọ àárọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Gbèdéke kọ́ o. Bóyá ẹ̀wà ti kan, bóyá gáàsì tán, bóyá wọ́n lọ ìwọ̀nba kóńgò méjì ní ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n lọ mẹ́rin. Ẹ béèrè ìgbà tí òmíràn ń bọ̀. Nígbà mìíràn ó ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ.

Ẹni tó sì ń dá ilé oúnjẹ sílẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ tàbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, tó fẹ́ máa ta àkàrà lọ́sàn-án, kó má wulẹ̀ ra agbada ńlá kejì. Páànù olójú jíjìn tó ń gba lítà epo méjì, lórí ojú gáàsì kan tó dá wà, tó. Kó pín ẹ̀wà tó lọ̀ sínú abọ́ kékeré onídèrí, kó to yìnyín yí wọn ká nínú kúlà, kó máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde ní ogún ìṣẹ́jú kó tó dín in kí òtútù lè kúrò lára rẹ̀, kó tún un pò kó lè wú, ìgbà yẹn ni kó tó fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i. Èyí tó bá ti wà nínú kúlà láti ìdájí, tó ń hó, kó dà á nù. Kó sì kọ ọ́ sára ògiri pé àkàrà ọ̀sán ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹni tó bá jókòó ti mọ̀.